Ibi Tí Àṣẹ Ìjọ Parí Sí, Ibi Tí Ti Ìjọba Ti Bẹ̀rẹ̀

Sàngó-Ọ̀tà,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tèmítọ́pẹ́ mi, Àjọkẹ́ ọmọ mi, ìwọ tí mo bí tí àwọn ọkùnrin ń kí pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀,

Mo ti jó kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí o. Nígbà tí o pè mí lánàá pé ìwọ ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà fún gbogbo ẹ̀ṣọ́ yunifásítì tí ìjọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́nà Ìtẹ̀lé, ń ṣe ni mo ju fóònù sórí àga, tí mo jó yí pálọ̀ po. Ìyá tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wa yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Màmá Tọ́pẹ́, ṣé kò sí?" Mo ní, "Ó wà o! Ọmọ mi ti di ọ̀gá! Ẹ bá mi jó!" Òun náà sì wọlé wá bá mi jó, láìtíì mọ ohun tí a ń jó sí.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o sọ gbẹ̀yìn. O ní, "Màmá, ọdún mọ́kànlá ni mo fi wọ aṣọ ọlọ́pàá. Aṣọ ìjọ ni mo fẹ́ wọ̀ báyìí. Wọ́n ní kí n kọ ìlànà sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé: níbo ni àṣẹ ẹ̀ṣọ́ ìjọ ti parí, níbo sì ni ti ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn àgbà ìjọ ní ọlọ́pàá kankan ò gbọdọ̀ ré géètì kọjá. DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, ní kò síbi tí òun kò lè wọ̀. Èmi ni mo wà láàárín." Lẹ́yìn náà lo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, mo mọ ẹ̀rín tí kò dé inú.

N kò dá ọ lóhùn nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn ju fóònù lọ. Nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀, o wà nílé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ ní Ìlọrin, ohun rere inú rẹ̀ nìkan ni mo sì sọ fún ọ nígbà tí o dé. Lónìí, màá sọ gbogbo rẹ̀, àti èyí tó dùn àti èyí tó ń tì mí lójú. Wá àyè, kí o jókòó, kí o kà á.

O rántí pé ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Sàngó níbí, tí mo di fóòmànù lórí àwọn tó ń di ọṣẹ sí páálí. Ohùn mi le nígbà náà. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lápá ìhín, ẹ̀rọ tó wà lápá ọ̀hún á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn ìjọ ń hù bí olú lójú ọ̀nà Ìdírókò. Ibi tí o mọ̀ sí oko ẹ̀gẹ́ lọ́dún yìí, bí o bá fi máa padà débẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, géètì yunifásítì lo máa bá. Ìjọ wa ra ilẹ̀ sọ́nà Ìjù, a kọ́ gbọ̀ngàn ńlá, èrò sì pọ̀ débi pé Pásítọ̀ ní ká yan ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa darí èrò àti mọ́tò. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí wọn. Ogójì ènìyàn, ọkùnrin àti obìnrin, lábẹ́ ìyá rẹ! Wọ́n fún mi ní fìlà pupa àti fèrè. Tọ́pẹ́, fìlà yẹn gùn mí.

Ọjọ́ tí àpéjọ ọdún àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ fẹ́ tò wọ inú ọgbà pẹ̀lú orin. Mo kó àga onírin jọ, mo fi dí ojú pópó látòkè délẹ̀ kí ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ wa lè kọjá. N kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Ẹfẹ́, ará ìhà Wàrí, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tó máa ń dúró ní oríta wa. Ó rìn wá bá mi, ó ní, "Madam, abeg, open road. Na govment get road."

Mo gbé àgbọ̀n sókè. Mo ní, "Inspẹ́kítọ̀, lójoojúmọ́, ìjọba ló ni ín. Lónìí, Ọlọ́run ló ni ín."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ mi pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣẹ́gun Jẹ́ríkò.

Kò pẹ́ ni Alhájì Mùráínà sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Káfíńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ ìlú Ọ̀tà gan-an, tí bàbá rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó ọmọ mi ló wà nínú ọkọ̀. Ó ń rọbí."

Láti àárọ̀ ni àwọn awakọ̀ ti ń parọ́ fún mi kí n lè jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ẹni kan ní òkú lòun gbé, ẹ̀fọ́ ló kún inú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Nítorí náà n kò tilẹ̀ wo inú ọkọ̀ Alhájì. Mo ní, "Alhájì, ẹ ní sùúrù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ igbe obìnrin yẹn. Tọ́pẹ́, ẹni tó ti bímọ rí kì í ṣi igbe yẹn gbọ́.

Inspẹ́kítọ̀ Ẹfẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ju àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti há mọ́ra wọn níwájú lẹ́yìn, kò síbi tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Mo gun inú ọkọ̀ Alhájì. Mo bọ́ fìlà pupa yẹn sọnù, mo tú gèlè mi, gèlè náà ni mo sì fi gba ọmọ.  Ọmọ ò ké. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo nu ẹnu rẹ̀, mo gbá a lẹ́yìn, mo ń pe Jésù, ìyá ọkọ obìnrin náà, tó ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ń pe Ọlọ́hun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ké! Gbogbo ojú pópó hó yèè. Bí ọmọ ṣe yè nìyẹn, tí ìyá náà yè, tí Ọlọ́run kò jẹ́ kí ojú ti ilé wa títí láé.

Alhájì kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn sọ pé, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ gba ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ dí ọ̀nà mọ́ ọn."

Gbọ́ èyí tí í ṣe àkọ́kọ́, ọmọ mi. Ojú pópó kì í ṣe ti ìjọ. Ìjọ lè tọrọ rẹ̀ fún wákàtí kan, kò lè gbà á. Bí yunifásítì yín bá ní ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tí ọkọ̀ àlejò sì kún títí dé Ìtẹ̀lé, má ṣe rán ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo láti lọ dá ọkọ̀ dúró lóde géètì láìjẹ́ pé ọlọ́pàá wà níbẹ̀ tó ń pàṣẹ. Ẹ̀ṣọ́ rẹ lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá níbẹ̀. Àṣẹ tí wọn kò fún ọ, bí o bá lò ó, jíjí lo jí i, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ Ọlọ́run lo fi bò ó.

Èkejì. Èyí ló dùn mí jù, nítorí lẹ́yìn tí mo ti kọ́gbọ́n ni mo ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ìtìjú mú mi, mo wá ń fi gbogbo nǹkan lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, a wá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí Pásítọ̀ fi ń wàásù, a kò rí i. Bùrọ̀dá Sámúẹ́lì ló máa ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ìjọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù, lọ́sàn-án tàbí lóru, nílé iṣẹ́ kan ní Àgbárá, tó máa ń sáré bọ̀ tààrà látibi bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wá sí ìsìn. N kò pè é jókòó. N kò bi í ní ìbéèrè kan. Mo pe ọlọ́pàá wọ inú ilé Ọlọ́run, mo sì nàka sí i lójú gbogbo akọrin. Wọ́n mú un lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a bá ẹ̀rọ náà ní kíláàsì àwọn ọmọdé, olùkọ́ wọn ló yá a fún eré. Mo sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá, mo kúnlẹ̀ níwájú Sámúẹ́lì. Ó gbé mi dìde, ó ní òun ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n kò padà sí ìjọ wa mọ́, Tọ́pẹ́. Títí dòní, bí mo bá rí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ Àgbárá, mo máa ń wojú fèrèsé rẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe torí pé o bẹ̀rù láti gba àṣẹ ẹlòmíràn kí o wá ju tìrẹ nù. Ọ̀rọ̀ inú ilé wà, ti òde wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá jà nítorí omi balùwẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá wá nǹkan tì, kọ́kọ́ bèèrè, kí o tún bèèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi ọ̀bẹ gún ẹnìkejì, tàbí tí ẹnìkan fipá bá ọmọ ọlọ́mọ lò, má ṣe jẹ́ kí àgbà ìjọ kankan sọ fún ọ pé ká fi àdúrà parí rẹ̀ nílé. Pe ìjọba lójú ẹsẹ̀. Bí àwọn àgbà bá bínú, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló ní kí o pè é.

Báwo wá ni a ṣe rí ojútùú? Alhájì Mùráínà ló bá wa wá a. Ó fi ọgbọ́n pè wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan: Pásítọ̀ wa, DPO ìgbà náà, Inspẹ́kítọ̀ Ẹfẹ́, àti èmi. Orí bẹ́ǹṣì tó fi ń fá pákó la jókòó sí, èérún pákó dé kókósẹ̀ wa. Pásítọ̀ ní, "Ilé Ọlọ́run kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ènìyàn." DPO ní, "Kò sí ilẹ̀ kan ní Nàìjíríà tí òfin kò dé, sà." Ohùn ń ga. Alhájì mú pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ó yọ pẹ́ńsù kúrò létí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra. Ẹ máa sọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, kí n máa kọ ọ́."

Bí a ṣe kọ ọ́ nìyí. Ojú pópó, ti ìjọba. Inú ọgbà, ti ìjọ: ẹ̀ṣọ́ ló ń darí èrò níbẹ̀, ọlọ́pàá tó bá wọlé yóò kọ́kọ́ sọ fún olórí ẹ̀ṣọ́, àyàfi bó bá ń lé ọ̀daràn. Mímú ènìyàn, ti ìjọba nìkan. Ẹ̀ṣọ́ ìjọ kò gbọdọ̀ na ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé.

Níbi tó kù la ti há. Mo bèèrè pé, "Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu ńkọ́? Ta ló máa pàṣẹ?" Pásítọ̀ ní ìjọ ni. DPO ní ìjọba ni. Alhájì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀mí ò ní géètì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni kó pàṣẹ. Nígbà tí ẹni tó mọṣẹ́ jù ú lọ bá dé, kó fà á lé e lọ́wọ́, kó má bínú."

 DPO ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ na ọwọ́ sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Mo rò pé ó ti parí níbẹ̀. N kò mọ̀ pé ìdánwò ń bọ̀.

Àpéjọ ọdún tó tẹ̀ lé e ni, ọ̀sán gangan ọjọ́ ìkẹyìn, gbọ̀ngàn kún, àwọn tó wà lábẹ́ àgọ́ lóde ju àwọn tinú lọ. Mo rí èéfín dúdú lẹ́yìn ọgbà wa. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fóòmù ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn, o sì mọ bí fóòmù ṣe ń jó. Mo sáré dé ìdí ògiri, mo gbọ́ ohùn àwọn òṣìṣẹ́ lódìkejì: "Ẹ gbà wá o! Iná ti dé ẹnu ọ̀nà!" Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ọ̀hún gan-an sì ni iná ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Kò sí Pásítọ̀ níbẹ̀, orí pẹpẹ ló wà. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Tọ́pẹ́, mo rántí pákó yẹn bí ẹni pé wọ́n gbé e sójú mi. Mo fọn fèrè. Mo pín ogójì ènìyàn mi sọ́nà méjì: ìdajì kí wọ́n rọra kó èrò kúrò lábẹ́ àgọ́ tó sún mọ́ ògiri, láìsáré, láìpariwo, ìdajì kí wọ́n tẹ̀ lé mi. Mo rán ẹnìkan sí Alhájì. Kí n tó ka ogún, Alhájì fúnra rẹ̀ ti dé pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò, káfíńtà, bíríkìlà, wẹ́dà, òòlù ńlá léjìká wọn. Ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ògiri ìjọ rèé o. Ẹ pàṣẹ."

Mo ní, "Ẹ wó o!"

Wọ́n lu ògiri yẹn! Búlọ́ọ̀kù ń fò, eruku gbòde. Ihò kékeré kọ́kọ́ là, ọwọ́ ènìyàn kan yọ. Wọ́n tún lù ú, ihò di ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń jáde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wúkọ́, ojú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. A ń fà wọ́n, a ń fún wọn lómi.

Àárín ìyẹn ni Inspẹ́kítọ̀ Ẹfẹ́ sáré wọlé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó dúró níwájú mi, ó ní, "Mama, I fit enter?" Ẹni tí mo fi àga dínà mọ́ lọ́jọ́sí! Mo na fèrè mi sí i, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ti dé. Iṣẹ́ yín ni. Ẹ máa pàṣẹ."

Ó wo ihò, ó wo èrò tí àwọn ẹ̀ṣọ́ mi ti kó jọ létòlétò, ó mi orí. Ó ní, "No, Mama. Inside, you dey do am well. Make I go hold road for fire people." Ó sì jáde padà. Kí panápaná tó dé láti ọ̀nà Sàngó, ojú pópó ti ṣófo bí ọjọ́ ìdìbò. Wọ́n wọlé tààrà. Àwa nínú, àwọn lóde, kò sí ẹni tó ké mọ́ ẹnìkejì.

Nígbà tí iná rọlẹ̀, fóòmànù ilé iṣẹ́ náà to àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sórí koríko wa, ó ń pe orúkọ wọn.  Ó pe orúkọ ìkẹyìn, obìnrin kan dáhùn pé, "Mo wà níbí, sà!" Háà! Kí lo tún fẹ́ gbọ́? Ẹni tó ń sọ pé Halelúyà ń sọ ọ́, ẹni tó ń sọ pé Àlùhámúdùlílàhì ń sọ ọ́, wọ́n dì mọ́ra wọn. Alhájì fi òòlù tilẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ dé. Ó wo ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí lọ́dún yẹn. Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n wó o?"

Mo ní, "Èmi ni, sà. Ẹ̀yin lẹ wà lórí pẹpẹ, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀."

Ó wo àwọn ènìyàn tó jókòó sórí koríko. Ó wá yí sí Alhájì, ó ní, "Alhájì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí i padà. Ẹ bá wa fi ilẹ̀kùn sí i." Ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀ dòní olónìí. Igi ìrókò ni Alhájì fi ṣe é.

Nítorí náà, Àjọkẹ́, bí o bá jókòó láti kọ ìlànà tìrẹ, má ṣe dá kọ ọ́ nínú ọ́fíìsì. Pe àwọn àgbà ìjọ, pe DPO, pe ẹnìkan tó jẹ́ ọmọ ìlú tí kò sí níhà kankan. Wá ibi tí gbogbo yín yóò ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Kọ ọ́ kó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ tí kò kàwé púpọ̀ á lè há a sórí. Lẹ́yìn náà, lọ kí DPO ní ọ́fíìsì rẹ̀ kí òun tó wá kí ọ. Ọdún mọ́kànlá lo fi jẹ́ ti wọn, má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ óò nílò ara yín.

Máa jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Má ṣe gba ẹ̀ṣọ́ tó fẹ́ràn láti na ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ Bíbélì lórí. Sọ fún ọkọ rẹ pé mo kí i, pé kó má ṣe bá ọ jà bí o bá pẹ́ dé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọlọ́run tó fi ọ́ sí ẹnu géètì yìí yóò fún ọ ní ojú tó ń ríran jìnnà àti ọkàn tí kì í wú. Wọn kò ní fi orúkọ rẹ ṣe ìtìjú fún ìjọ, wọn kò ní fi ṣe ẹ̀rín fún ìjọba. Wàá jókòó lórí iṣẹ́ yẹn títí wàá fi kọ́ ẹlòmíràn.

Màá wá wò ọ́ lọ́jọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ ni màá fi rìn dé géètì yín, màá gbé báàgì mi lọ́wọ́, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja ló máa wà nínú rẹ̀. Má ṣe sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ pé ìyá rẹ ni mí. Jẹ́ kí wọ́n dá mi dúró, kí wọ́n tú báàgì náà wò. Bí wọ́n bá kí mi dáadáa, tí wọ́n sì tú u wò dé ìdí, màá mọ̀ pé ọmọ mi ni ọ̀gá ibẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń yangàn,
Màmá Tọ́pẹ́.